Èdè-Ìperí fún Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin ní Yunifásítì: Láti Ìgbàwọlé Títí dé Ìgboyè

Iṣẹ́ kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin kan ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun túmọ̀ ìwé ìléwọ́ òun sí èdè Yorùbá nítorí àwọn òbí. Ohun tí ó fa ẹ̀bẹ̀ yìí ni pé lọ́dọọdún ni àwọn òbí ń gbé ìbéèrè kan náà wá síwájú ọ̀gá ẹ̀ka náà: ọmọ àwọn ti lo ọdún márùn-ún, ó ti gboyè, àwọn ti pa ẹran, àwọn ti dá aṣọ ẹbí, kí ni ó wá dé tí ọmọ náà kò tíì lè dúró rojọ́ níwájú adájọ́? Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gbà pé ọmọ ni ó ń purọ́, pé ó ti fìdí rẹmi ni kò jẹ́ kí ó dé wíìgì. A ṣèlérí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà, kì í ṣe nítorí pé ìwé náà gùn, bí kò ṣe nítorí pé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni a ń kan ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn rò pé Yorùbá ti ní, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ohun tí Yorùbá ní kì í ṣe ohun tí òfin ń sọ gan-an.

Kì í ṣe pé kò sí iṣẹ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ní 1991 ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ òfin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ṣe yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀ tí ó ń lo ọkọ́ rẹ̀. A kò ní kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lò kalẹ̀ níhìn-ín. Èyí tí ó fún wa níṣòro, tí a sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ bá wa yẹ̀ wò, ni a ó mẹ́nu bà.

1. Amòfin, agbẹjọ́rò àti lọ́yà

Kí a tó lè dá àwọn òbí lóhùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọ̀nà náà fi pín sí méjì. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí a kà sí agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, London ni ó ti gba àṣẹ iṣẹ́ ní 1879. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, London náà ni ó ti gbà á ní 1933. Títí di àkókò òmìnira, ọ̀nà ibẹ̀ ni a ń tọ̀, òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé lè má mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ ẹbí tàbí igbéyàwó ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ wọn ni yóò fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rò. Ní 1959 ni ìgbìmọ̀ tí Unsworth ṣe alága rẹ̀ dábàá pé kí yunifásítì ilẹ̀ yìí máa kọ́ni ní ìmọ̀ òfin, kí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà tí yóò máa kọ́ni bí a ti ń ṣe iṣẹ́ òfin. Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀lé e ní 1962. Òfin ọdún 1962 gbé Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin kalẹ̀, ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó kí olú-ilé rẹ̀ tó kó lọ sí Bwari lẹ́bàá Àbújá ní 1997.

Yunifásítì ni ó ni ìmọ̀, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ni ó ni iṣẹ́. Ní ojú onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó dà bí ẹni pé Yorùbá ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ìpín yìí. Bí a bá tú amòfin palẹ̀, a-mọ̀-òfin ni, ẹni tí ó mọ òfin. Agbẹjọ́rò jẹ́ a-gba-ẹjọ́-rò, ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn tí ó ń bá a rò ó. Èkíní dá lé ìmọ̀, èkejì dá lé iṣẹ́. (Ẹ kíyè sí i pé fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni a pa jẹ nínú àwọn méjèèjì, nígbà tí ó jẹ́ pé ti ọ̀rọ̀-orúkọ ni a pa jẹ nínú arúfin àti adájọ́. A kò rí òfin kan tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun níláti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.) A dábàá nígbà náà pé kí amòfin jẹ́ orúkọ ẹni tí ó gboyè LL.B. tí kò tíì dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, kí agbẹjọ́rò sì jẹ́ ti ẹni tí ó ti parí gbogbo rẹ̀.

Inú wa dùn sí àbá yìí fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ òfin ni wọ́n dà á nù. Wọ́n ní àwọn oníròyìn ti ń fi Amòfin ṣáájú orúkọ àwọn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù, ìtumọ̀ tí ará ìlú sì mọ̀ nìyẹn. Pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí kí ẹni tí a kò tíì fún láṣẹ máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí yóò mú kí ènìyàn rò pé agbẹjọ́rò ni. Bí a bá fi àbá wa sínú ìwé, a ó ti fi ẹ̀wọ̀n lọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. A gbà pé ẹ̀tọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nítorí náà, "ẹni tí ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin" ni a kọ fún ẹni àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ gùn, a sì fi agbẹjọ́rò sílẹ̀ fún ẹni kejì. Lọ́yà ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ràn wá lọ́wọ́ láti ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́.

2. Òṣùwọ̀n, dandan àti àṣàyàn

Ẹni tí ó bá gba ojú ìdánwò JAMB wọlé, ọdún márùn-ún ni yóò lò; ẹni tí ó bá ti ní ìwé ẹ̀rí gíga tẹ́lẹ̀ lè wọlé sí ọdún kejì, kí ó sì lo mẹ́rin. Àwọn méjèèjì níláti ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìṣòro ibí yìí ni pé credit kan náà ni a tún ń lò fún ìwọ̀n iṣẹ́ ní yunifásítì. Ọ̀dọ́ kan tí ó ń bá wa ṣiṣẹ́ wo ìwé atúmọ̀, ó sì kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ níláti ní àwìn tí ó pọ̀ tó kí ó tó lè gboyè. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. A fi kírẹ́díìtì sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá nítorí kò sí òbí tí kò mọ̀ ọ́n. Fún ti yunifásítì, òṣùwọ̀n ni a lò: òṣùwọ̀n kan jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alágbàdo mọ òṣùwọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé gbèsè ni.

Àìgbọdọ̀máṣe ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò fún ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ó tọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ dandan ni a yàn, kí ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ àṣàyàn. Ẹ̀kọ́ dandan tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin ń bèèrè kí a tó lè gba ẹnikẹ́ni wọlé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin jẹ́ méjìlá. Àwọn tí orúkọ wọn kò yọ wá lẹ́nu ni ọgbọ́n ìlò òfin, ètò òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀, òfin òwò, òfin ilé-iṣẹ́ àti ìjìnlẹ̀ èrò nípa òfin. Òfin àdéhùn náà rọrùn, bí a bá ti lè rántí pé kì í ṣe gbogbo àdéhùn ni kóòtù ń dá sí. Ẹni tí ó ṣèlérí pé òun yóò bá ọ jẹun lálẹ́ tí kò wá ti yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n o kò lè pè é lẹ́jọ́. Níbi tí ó bá ti pọn dandan, àdéhùn abófinmu ni a kọ.

3. Ìṣenilọ́ṣẹ́, ọ̀ràn, ilẹ̀ àti ẹ̀rí

Èyí tí ó pẹ́ wa jù lọ ni ẹ̀kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tort. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá wọ inú oko mi tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ mi, aládùúgbò mi kò dá ọ̀ràn sí ìjọba, ṣùgbọ́n ó jẹ mí ní nǹkan. Bí awakọ̀ kan bá fi àìbìkítà gbá mi, ó lè jẹ́ pé ó dá ọ̀ràn sí ìjọba, ó sì tún ṣe èmi fúnra mi níbi tí mo lè fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Apá tí ó kan èmi fúnra mi yìí ni tort. Ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ìwà àìtọ́ gbòòrò jù: ọmọdé tí kò kí àgbà hu ìwà àìtọ́. Àṣemáṣe ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò yẹ kí ó wọ inú ìwé ẹ̀ka òfin. Àgbà kan tí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ dábàá òfin gbà-máà-bínú, kí a fi orúkọ owó tí a ń gbà pe ìyà tí ó fà á. Àbá yìí wù wá gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ àdéhùn náà lè san gbà-máà-bínú, a ó sì ti da ẹ̀kọ́ méjì pọ̀. Ìpanilára kò kan ẹni tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé a padà sí ohun tí ẹni tí ó fara pa ń sọ fúnra rẹ̀: "Ó ṣe mí lọ́ṣẹ́." Ọṣẹ́ lè bá ara, ó lè bá oko, ó lè bá orúkọ. Òfin ìṣenilọ́ṣẹ́ ni a kọ, a sì rí i pé ó bá ìbanilórúkọjẹ́, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, rìn dáadáa nínú ìhun ọ̀rọ̀.

Fún ẹ̀kọ́ òfin tí ó jẹ mọ́ ìwà ọ̀daràn, òfin ọ̀ràn dídá ni a lò. Ọ̀ràn nìkan kò tó, nítorí ọ̀ràn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Dá ni ó sọ ọ́ di ohun tí ìjọba ń torí rẹ̀ mú ènìyàn. Níbí ni a fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti rí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi baba arúgbó kan sẹ́wọ̀n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó ní kóòtù kan. Wọ́n fẹ̀sùn kan baba náà pé ó jí ìdì ẹyìn mélòó kan gé. Akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì bèèrè pé: "Baba, ṣé ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ kò jẹ̀bi?" Baba náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní: "Mo jẹ̀bi, ẹ̀yin olúwa mi. Ẹ fi orí jì mí." Akọ̀wé sọ fún adájọ́ pé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ sì mú kálàmù. Ọ̀dọ́mọdé agbẹjọ́rò kan tí kò bá ti baba náà wá ni ó dìde tí ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un bi. Adájọ́ fi Yorùbá bèèrè fúnra rẹ̀ bóyá baba mọ̀, nígbà tí ó ń gé ẹyìn náà, pé ti ẹlòmíràn ni. Ó dáhùn pé: "Ti ẹlòmíràn báwo? Ọ̀pẹ tí baba mi gbìn ni!" Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí baba náà ń ṣe. Níwájú àgbà, ènìyàn a kọ́kọ́ gba ẹ̀bi kí ó tó ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní òun jàre ti bú àgbà. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ó jẹ́ ti gírámà. Jẹ̀bi (jẹ ẹ̀bi) àti jàre (jẹ àre) jẹ́ ọ̀rọ̀ òpin ẹjọ́. Adájọ́ ni ó ń dá ènìyàn lẹ́bi, òun náà ni ó ń dá ènìyàn láre. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò ju kí ó gbà tàbí kí ó sẹ́ lọ. Nítorí náà, "Ṣé ẹ gbà pé ẹ ṣe é, tàbí ẹ kò gbà?" ni ó yẹ kí ògbufọ̀ máa bèèrè, kí jẹ̀bi sì dúró de ọjọ́ ìdájọ́. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé kí a sọ ẹ̀sùn fún ènìyàn ní èdè tí ó yé e, kí ó sì ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kò sọ bí ògbufọ̀ yóò ti ṣe é. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ dandan méjìlá tí a ń wí yìí, kò sí ọ̀kan tí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ òfin ní èdè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò gba ẹjọ́ wọn rò kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ ọ.

Nínú òfin ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: Gẹ̀ẹ́sì ni ó yá nǹkan lọ́wọ́ wa. Ìṣákọ́lẹ̀ ti wà nínú ìwé ìdájọ́ kóòtù láti ìgbà àwọn òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ọ̀nà méjì tí Yorùbá fi ń pín ogún. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ẹni tí ó ni ogún kú ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ọ̀nà mẹ́rin ni; bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá ayé òde òní mu mọ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ nílẹ̀ wa nígbà náà yí ìdájọ́ yìí padà ní 1958, ìgbìmọ̀ ọba ní London sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà gan-an, àti pé orí-ò-jorí ń wáyé bí ìjà bá wà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ọmọ Kánò tàbí ọmọ Calabar, tí kò ní kan ọ̀rọ̀ Yorùbá méjèèjì yìí. Ìtìjú wa ni pé ọ̀kan nínú àwa olùtumọ̀ rí "idi-igi" láìsí àmì ohùn nínú ìwé náà, ó rò pé Látíìnì ni, ó sì fẹ́ wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un.

Ẹ̀rí kò ni wá lára: ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí jíjẹ́, ẹ̀rí ìṣojúmikòró, ẹ̀rí àgbọ́sọ. Àwọn tí ó ń kọ́ni ní Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ fún wa pé ìṣojúmikòró yé akẹ́kọ̀ọ́ ju àlàyé ojú ewé mẹ́rin lọ. Equity ni kò tíì gbọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí òfin líle bá rẹ́ jẹ a máa lọ bẹ ìránṣẹ́ àgbà ọba, kí ó fi ẹ̀rí-ọkàn wo ọ̀rọ̀ náà; láti ibẹ̀ ni kóòtù mìíràn ti yọ, àwọn òfin ọdún 1873 àti 1875 ni ó sì so ó pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Òfin ẹ̀rí-ọkàn ni ì bá tọ́ jù, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin ẹ̀rí nínú ìwé kan náà kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ṣì wọ́n mú. Òfin òdodo ni a kọ, kò sì tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí ó dà bí ẹni pé àwọn òfin yòókù kì í ṣe òdodo. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa.

4. Ìgboyè àti ìwúyè

Ẹni tí yóò gboyè níláti yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ dandan, kí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, kí ó sì kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ ní ọdún ìkẹyìn. Ìpíndọ́gba èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni a fi ń mọ ipò rẹ̀: bí a bá fi 5.00 ṣe góńgó, 4.50 sókè ni ipò kìn-ín-ní, 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì apá òkè, 2.40 sí 3.49 ni ipò kejì apá ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka yóò tún jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ ọ́ pé ó jẹ́ ọmọlúàbí. A kò gbà. Ohun tí òfin ń bèèrè ni pé kò sí àbùkù kan tí ó lè dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọlúàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀gá ẹ̀ka tí ó lè fi lẹ́tà kan fún ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin. Ẹni tí ó gboyè ní òkè òkun yóò kọ́kọ́ ṣe Apá Kìíní, kí ó lè mọ òfin ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí ó gboyè nílé yóò bọ́ sí Apá Kejì tààrà. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ni gbogbo wọn dá lé: bí a ti í ṣe ẹjọ́ ara ẹni, bí a ti í ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn dídá, iṣẹ́ ohun ìní, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àti ìwà tí ó yẹ agbẹjọ́rò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlànà wọn ti jẹ́ pé èsì tí ó kéré jù ni a fi ń pe ènìyàn: ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú mẹ́rin, tí ó gba ipò kejì apá ìsàlẹ̀ nínú ìkárùn-ún, ipò kejì apá ìsàlẹ̀ ni yóò bá jáde. Òbí tí ó ti mọ ìpíndọ́gba kò ní lóye èyí láìṣàlàyé, nítorí náà a fi àpẹẹrẹ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò láti wo iṣẹ́. Wọ́n yóò sì bá àwọn àgbà iṣẹ́ náà jẹun alẹ́ tí a ń pè ní àsè àjùmọ̀jẹ, àṣà tí ó ti London wá. Òbí kan bi wá léèrè bóyá oúnjẹ náà ní máàkì. Kò ní, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ kò ní di agbẹjọ́rò.

Ohun tí ó parí gbogbo rẹ̀ ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní call to the bar. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, a ó ti pe àwọn ọmọ sí ilé ọtí, nítorí báà tí ará ìlú mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúyè ni a yàn. Bí ọba ṣe ń wúyè fún ìjòyè, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà agbẹjọ́rò ń wúyè fún àwọn wọ̀nyí, kí a tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ. Ẹni tí ó gboyè ti mọ̀wé. Ẹni tí a wúyè fún ti gba àṣẹ. Ìdáhùn tí a kọ fún àwọn òbí nìyí: "Oyè yunifásítì fi hàn pé ọmọ yín ti kọ́ òfin. Kò tíì fún un láṣẹ láti gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò. Ìwúyè ni yóò fún un, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin sì ni ọ̀nà ibẹ̀." Ọ̀gá ẹ̀ka náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí a gbé e kúrò ní ojú ewé ogójì tí a fi í sí, kí a fi í sí ojú ewé kìíní.